Ọ̀gá, Gbọ́ Tẹnu Òṣìṣẹ́ Rẹ Kí O Tó Lé E

Nígbà tí olóòtú abala Yorùbá inú ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní kí n kọ nǹkan, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Ọ̀rọ̀ náà ni bí ó ti yẹ kí ọ̀gá ṣe sí òṣìṣẹ́ tí ń fún un ní wàhálà. Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀ràn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò ní di ọ̀gá fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó bá di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà lóru, yóò ní obìnrin tí ń gbálẹ̀, yóò sì ní ẹni tí ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Bí a kò bá kọ́ ìwà ọ̀gá nísinsìnyí, ara àwọn ẹni wọ̀nyí ni a ó ti kọ́ ọ, àwọn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Gonzagueville ni wọ́n bí mi sí, ní agbègbè Port-Bouët, ní ìlú Abidjan. Bí ènìyàn bá ń ti Abidjan lọ sí Grand-Bassam, òkun yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà yóò wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ìlú wa yóò sì wà láàárín méjèèjì lórí iyanrìn. Anango ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe àwa Yorùbá. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ ní Abidjan, pàápàá jù lọ àwọn ará Ẹjìgbò, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń gbéra láti Ẹjìgbò tààrà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Òwò ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Ẹni tí ó bá sì ń ṣòwò, bí òwò náà bá gbèrú, kò lè dá a ṣe. Ó di dandan kí ó gba ènìyàn sí iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Símẹ́ńtì, ìṣó, páànù àti ọ̀dà ni ó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Bassam. Lẹ́yìn tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́fà, tí owó kò sì sí láti tẹ̀síwájú, ọ̀dọ̀ wọn ni mo lọ, èmi ni mo sì ń kọ ìwé owó tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Burkina Faso, tí ó ti ṣiṣẹ́ fún wọn fún ọdún mẹ́rin. 80,000 sẹ́fà ni ó ń gbà lóṣù. N kò ní purọ́ fún yín pé ẹni rere tí kò ní àbùkù ni. A máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́, a sì máa dá Bàbá lóhùn ní ọ̀nà tí kò yẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Bàbá bú u, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìwé sí i rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2023, ní ọjọ́ kan, Bàbá ka owó inú àpótí, wọ́n sì rí i pé 85,000 sẹ́fà kò sí níbẹ̀. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní olè lójú àwọn oníbàárà, wọ́n ní kí ó máa lọ. Owó oṣù méjì tí ó ti fi pamọ́ sí ọwọ́ wọn, kí ó lè fi ránṣẹ́ sílé, wọ́n ní àwọn ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ ni o ń kọ ìwé. Sọ ohun tí o mọ̀." N kò sọ nǹkan kan. Bàbá ni ó tọ́ mi, ilé wọn ni mo ń sùn, oúnjẹ wọn ni mo ń jẹ. Mo dákẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Alábòójútó ọ̀ràn iṣẹ́, ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní inspecteur du travail, ni ó pe Bàbá. Inú bí wọn gidigidi. Wọ́n ní, "Èmi ni olè jà lólè, èmi náà ni a tún pè lẹ́jọ́?" Àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n má lọ, pé ọ̀ràn ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀ràn ìjọba. Bí kì í bá ṣe ìyàwó wọn àgbà tí ó bẹ̀ wọ́n, wọn kì bá tí lọ. Wọ́n mú mi dání nítorí ìwé owó.

Arákùnrin tí a bá níbẹ̀ kò pariwo, kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ni ó ń bèèrè. Níbo ni ìwé ìkìlọ̀ wà lórí pípẹ́ tí ó ń pẹ́? Kò sí. Níbo ni ìwé tí ẹ fi bi í léèrè ọ̀rọ̀ owó wà, àti èsì rẹ̀? Kò sí. Níbo ni ìwé tí ẹ fi lé e wà? Kò sí. Ǹjẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní CNPS, àjọ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́? Kò sí níbẹ̀. Ó wá gba ìwé owó lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta wà tí n kò kọ nǹkan kan sí, nítorí pé mo lọ gbá bọ́ọ̀lù ní etí òkun ní àwọn ọjọ́ náà, mo sì rò pé èmi yóò kọ ọ́ bí mo bá dé. Ó bi mí pé ta ni ó wà nídìí àpótí ní ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. Mo ní Bàbá fúnra wọn ni, àti pé ní ọ̀kan nínú ọjọ́ náà ni wọ́n fún ará ìlú wa kan lówó tí ó ń lọ sìnkú sílé. Bàbá yí ojú sí mi. Wọn kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi wò mí nígbà náà, n kò tí ì gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí 85,000 náà wọlé sí. Ohun tí a mọ̀ ni pé a kò lè fi hàn pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó gbé e. Ẹ wá bá mi ṣírò. Owó oṣù méjì tí a gbẹ́sẹ̀ lé jẹ́ 160,000 sẹ́fà. Owó oṣù kan dípò nótíìsì tí a kò fún un jẹ́ 80,000. Owó ìtúsílẹ̀ ẹni tí kò tí ì ju ọdún márùn-ún lọ jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 96,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 336,000 sẹ́fà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, tí adájọ́ sì rí i pé a lé e láìtọ́, owó gbà-má-bínú oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan ni òfin sọ, kò sì gbọdọ̀ dín ní owó oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ju ti oṣù ogún lọ. Èyí ì bá jẹ́ 320,000 mìíràn. Nítorí 85,000 tí a kò rí ìdí rẹ̀, Bàbá ì bá pàdánù 656,000.

Ọpẹ́ ni pé wọ́n parí rẹ̀ níwájú alábòójútó náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba 336,000, ó sì yọ̀ǹda owó gbà-má-bínú. Ohun tí ó sọ ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe owó ni mo bá wá jù lọ. Ẹ kọ ìwé fún mi pé mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Gbogbo ìsọ̀ tí mo bá dé ni wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo ti wà fún ọdún mẹ́rin, n kò sì ní nǹkan tí mo lè fi hàn wọ́n." Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ni ó ń bèèrè. Òfin sọ pé kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé yìí nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó dé, ọjọ́ tí ó lọ, àti irú iṣẹ́ tí ó ṣe sínú rẹ̀, kí ó má ṣe kọ ohun mìíràn sí i. Èmi ni mo kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni ó máa ń wí pé irú òfin báyìí, òfin òyìnbó ni, àti pé ìwé kíkọ láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ń ba ìfẹ́ jẹ́. Wọn a ní bí a kì í bá ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, kí ni a ń fi ìwé wá? Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tí a bá kọ ní àkókò ni kò ní jẹ́ kí a dé kóòtù. Ẹ sì rántí pé àwọn Yorùbá kan náà ni ó wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Gbígbọ́ ẹjọ́ ẹni méjèèjì kì í ṣe ohun tí òyìnbó kó wá fún wa.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin iṣẹ́ kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Títí di ọdún 1946 ni ìjọba Faransé fi ń fi ipá mú àwọn ènìyàn ilẹ̀ Côte d'Ivoire ṣiṣẹ́ nínú oko àti lójú ọ̀nà. Òfin ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1946, tí a fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè, ni ó fòpin sí ìwà náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1952 ni òfin iṣẹ́ jáde fún gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso lókè òkun. Nígbà tí Côte d'Ivoire gba òmìnira, ó ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1964, ó tún un ṣe ní 1995, ó sì tún ṣe òmíràn ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2015. Ẹni tí ó bá pe òfin yìí ní òfin òyìnbó ti gbàgbé pé ìyà tí àwọn ènìyàn dúdú jẹ ni ó bí i.

Kí ni ó wá yẹ kí ọ̀gá ṣe? Èmi kì í ṣe lọ́yà, ohun tí mo rí tí mo sì kà ni mo ń sọ. Èkíní, kí ó kọ àdéhùn sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gba ènìyàn síṣẹ́: irú iṣẹ́ tí yóò ṣe, wákàtí rẹ̀, àti owó rẹ̀. Owó náà kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí òfin là kalẹ̀. Ní Côte d'Ivoire, 75,000 sẹ́fà lóṣù ni láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 2023. Kí ó sì mú orúkọ rẹ̀ lọ sí CNPS.

Èkejì, bí òṣìṣẹ́ bá ṣẹ̀, kí ó bi í léèrè kí ó tó jẹ ẹ́ níyà. Ní Abidjan, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní demande d'explication. Ọ̀gá yóò kọ ẹ̀sùn náà sí i, òṣìṣẹ́ yóò sì fi ẹnu tàbí ìwé dáhùn. Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ̀wé, kí a pe ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Nígbà púpọ̀, ìdáhùn yìí nìkan ni yóò parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lè ní ìyá tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ̀kẹta, kí ìyà náà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Òfin Côte d'Ivoire to ìyà ní ìpele ìpele: ìwé ìkìlọ̀, dídá dúró láìgbowó fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, dídá dúró fún ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ni lílé kúrò. Òfin kọ̀ fún ọ̀gá láti gba owó ìtánràn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó sì kọ̀ fún un láti jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Ibí yìí ni Bàbá ti ṣìnà jù lọ: wọ́n lé e, wọ́n sì tún gba owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó lọ, kí ó lọ pẹ̀lú ìwé tí ó sọ ìdí rẹ̀, pẹ̀lú nótíìsì tí ó tọ́, àti pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní àkókò nótíìsì náà, ó ní ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi wá iṣẹ́ mìíràn, a kò sì gbọdọ̀ yọ owó rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá jẹ́ ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní faute lourde, ọ̀gá lè lé e láìfún un ní nótíìsì, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ lè fi ẹ̀ṣẹ̀ náà hàn. Owó iṣẹ́ tí ó ti ṣe àti ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí a bá pe ọ̀gá, kí ó lọ. Ní Côte d'Ivoire, ọ̀ràn ẹnìkan pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ kò lè dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ dé iwájú alábòójútó ọ̀ràn iṣẹ́, kí ó gbìyànjú láti bá wọn parí rẹ̀. Ǹjẹ́ èyí kò jọ bí a ti máa ń gbé ọ̀ràn lọ sí ọ̀dọ̀ baálé? Kí ọ̀gá mú ìwé rẹ̀ dání, kí ó sọ òótọ́, kí ó sì mọ̀ pé ìparí ọ̀rọ̀ nítùnbí-ìnùbí sàn ju ẹjọ́ ọdún mẹ́ta lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Côte d'Ivoire, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Nótíìsì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tí ì tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí kò tí ì tó ọdún márùn-ún, àti oṣù kan fún ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Gánà, òfin 651 ti ọdún 2003 fún ẹni tí àdéhùn rẹ̀ tó ọdún mẹ́ta ní oṣù kan, ó sì fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1998, Tógò sì ṣe èyí tí ó tuntun jù ní 2021. Ìjọba pàápàá kò ju òfin lọ. Ní ọdún 1981, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ Shitta-Bey, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a fi túláàsì mú fẹ̀yìn tì láìtẹ̀lé ìlànà, ó sì ní kí a dá a padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Àdéhùn 158 tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ṣe ní 1982 pẹ̀lú sọ pé kí a má ṣe lé ènìyàn nítorí ìwà tàbí iṣẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti fún un ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé mo ń gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀lẹ àti olè. Rárá o. Òṣìṣẹ́ burúkú wà, mo sì ti rí wọn. Ọ̀gá tí ó bá fàyè gba ọ̀lẹ ń ṣẹ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ dáradára. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ààbò òṣìṣẹ́ nìkan. Ààbò ọ̀gá ni pẹ̀lú. Bí Bàbá bá ti kọ ìwé ìkìlọ̀ mẹ́ta lórí pípẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń pẹ́, wọn ì bá ti rí ohun tí wọn yóò fi gbèjà ara wọn lọ́jọ́ náà. Bí èmi náà bá sì ti kọ ìwé owó mi ní ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù, bóyá a kì bá tí pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Èyí ni ó dùn mí jù. Ọ̀gá ṣìnà nítorí ìbínú, ṣùgbọ́n akọ̀wé ṣìnà nítorí ọ̀lẹ, ó sì tún ṣìnà nítorí ìbẹ̀rù. Mo mọ̀ pé ìwé mi kò pé, mo sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lé ènìyàn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa olùkọ́ ni a óò máa kọ rẹ́jísítà, àwa ni a óò máa kọ ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́, àwa ni wọn yóò bi léèrè nígbà tí nǹkan bá sọnù. Bí ọdẹ ilé-ẹ̀kọ́ yín bá sùn lóru, tí àga márùn-ún sì sọnù, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ ohun tí yóò gbà á, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ìjọba yóò fi ìwé pè yín.

Bàbá ti dárí jì mí. Nísinsìnyí, ìwé kan wà lára ògiri ìsọ̀ wọn ní Gonzagueville, tí orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti wákàtí tí wọ́n dé wà nínú rẹ̀, ìwé àdéhùn àwọn méjèèjì tí ó wà níbẹ̀ báyìí sì wà nínú àpótí. Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú wọn pẹ́ ní ìgbà mẹ́ta. Bàbá kò pariwo. Wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n sì bi í pé kí ni ó ṣẹlẹ̀.